Àlọ́ Òkété àti Àwọn Adájọ́ Etí Omi

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń yẹ iṣẹ́ wò bí ẹni tó ń yan iṣu lọ́jà, tí ẹ ní kí n sọ bí tèmi ṣe rí, ẹ jókòó dáadáa. Ìwọ, sún kúrò lẹ́bàá iná yẹn ná, kó má baà ràn mọ́ ọ láṣọ. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni mo ti ń sá fún láti kékeré. Àwọn àgbà ní igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èmi ti ń wò ó látẹ̀yìn ìyá mi. Ẹ má rò pé ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà kò lè rí iṣẹ́ ṣe. Apàlọ́ ni mí, àlọ́ ni mo sì fi jẹun títí eyín fi ń bọ́ lẹ́nu mi.

Ní àdúgbò Lásùnwọ̀n níbí, ní Ìkòròdú, ni wọ́n bí mi sí. Efúnyẹmí ni orúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, Bàbá Sùmọ́nù, ni apàlọ́ tí gbogbo etí ọ̀sà mọ̀ nígbà náà. Ẹ̀pẹ́ ló ń gbé, ó máa ń wọkọ̀ kiri láti èbúté dé èbúté. Ó ní òun ń wá ọmọ obìnrin tí etí rẹ̀ mú, ìyá mi sì di ẹrù mi. Ní ti ohun tí wọ́n ń san fún wa, owó ẹyọ ni, àti ẹja gbígbẹ, nígbà mìíràn aṣọ. Kò pọ̀, ebi kò sì pa wá kú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Mo rò pé àlọ́ ni mo lọ kọ́. Omi pípọn ni wọ́n fi mí sí. Bí Bàbá bá pàlọ́ nínú agbo ilé kan ní ìrọ̀lẹ́, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì èmi á gbé ìkòkò, màá lọ sí etí omi níbi tí àwọn ọmọ ti ń pọnmi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, màá sì máa fọ ìkòkò náà bí ẹni pé ó dọ̀tí gan-an. Etí mi ló ń ṣiṣẹ́.

Bàbá ní, "Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kò ní sọ lójú àgbà pé àlọ́ rẹ̀ kò dùn. Yóò pàtẹ́wọ́, yóò kúnlẹ̀, yóò ní ẹ ṣé. Bó bá dé etí omi, ibẹ̀ ló ti máa dájọ́."

Mo ní, "Báwo ni màá ṣe mọ ìdájọ́ náà, Bàbá?"

"Wọ́n á máa ṣeré rẹ̀. Gbọ́ ẹranko tí wọ́n ń jà sí. Èyí tí gbogbo wọn bá fẹ́ jẹ́, ó ti yè. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ jẹ́, mi ò mọ ọ́n dáadáa, mo ní láti tún un mọ."

Ẹ ò lè mọ bí ọkùnrin náà ṣe le tó. Bí mo bá délé tí mo ní, "Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá," yóò ní, "Àwọn wo? Kí ni wọ́n wí? Fi ohùn wọn sọ ọ́." Mo ní láti sọ ọ́ bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ikọ́ àti fífa ikun imú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ṣèèṣì ní, "Mo rò pé." Ó ní kí n gbé ìkòkò mi, kí n padà lọ sí etí omi nínú oòrùn, níbi tí kò ti sí ọmọ kankan, kí n lọ máa rò ó níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó wálé. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọ̀rọ̀ "mo rò pé" bá fẹ́ jáde lẹ́nu mi, àyà mi á já.

Àlọ́ tó gba gbogbo ayé mi ni àlọ́ Òkété. Kì í ṣe àlọ́ ìrọ̀lẹ́ kan. Bí oṣù bá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀ ni Bàbá á dá a sílẹ̀, yóò máa fà á lọ títí òṣùpá á fi kún. Iná jó igbó tí Òkété ń gbé, àwòdì sì gbé e jù sí òdìkejì ọ̀sà. Ó fẹ́ padà sílé. Akàn tẹ̀ lé e, Ọ̀kẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e, Ìgbín náà ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n bá ẹja kan pàdé tí abúlé wà lórí ẹ̀yìn rẹ̀, tí àwọn ará abúlé kò mọ̀ pé ẹja ni. Wọ́n bá Ọ̀nì tó ń ta oorun lójú ọjà pàdé, ẹni tó bá rà á kì í jí. Bí wọ́n bá dé ibi tó le, Bàbá á gbé orin pé, "Òkété, omi pọ̀," àwa elégbè á ní, "Ilé ni mò ń rè."

Ìkòròdú ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ẹjọ́ rẹ̀. Èmi pẹ̀lú ìkòkò mi wà ní etí omi. Àwọn ọmọ ń lu ara wọn nítorí Akàn, torí pé ó fi ẹ̀mú rẹ̀ mú Ọ̀nì nímú. Ọmọkùnrin kékeré kan ní wọ́n fi ṣe Ìgbín, ló bá bú sẹ́kún. Ó ní, "Mi ò ṣe é. Ìgbín kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń tẹ̀ lé wọn ni." Mo sọ ọ́ fún Bàbá pẹ̀lú ẹkún rẹ̀. Bàbá kò jẹun àárọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òjò ńlá mú àwọn ẹranko náà nínú àlọ́, Ìgbín sì ní kí gbogbo wọn wọnú ilé òun. Wọ́n ní ṣé yóò gbà wọ́n? Ìkarahun náà ń fẹ̀ bí wọ́n ti ń wọlé. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo etí omi di ìgbín. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

A wá gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Ẹ ti gbọ́ bí àwọn ará Èkó ṣe sá wá sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí ìbọn ńlá ń ya lu ìlú wọn láti orí omi. Àwọn ọmọ wọn ń dàgbà láàárín wa. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń ṣeré, ṣùgbọ́n bí àrá bá sán, gbogbo wọn á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Ràbí, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló wà. Ìyá Mọríámọ̀ là ń pe ìyá àgbà yìí, torí Mọríámọ̀ ni ọmọ rẹ̀ tó bí Ràbí. Bí Ràbí bá bèèrè ìyá rẹ̀, wọ́n á ní, "Ó wà l'Ékòó, ó ń bọ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a kọ́kọ́ pa àlọ́ Òkété níbẹ̀, mo dé etí omi, kò sí ẹni tó ń jà. Kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ Akàn. Wọ́n jókòó lórí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fà gòkè, wọ́n ń wo omi. Ara mi kò balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí lójoojúmọ́, bí àlọ́ ti ń gùn. Nígbà tí a pa ibi tí ìjì ti bá àwọn ẹranko lórí ọ̀sà, Ràbí nìkan ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ó ní, "Òkété gọ̀. Ó rí igbó koríko inú omi lápá ọ̀tún, kò wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ èmi ni, inú koríko yẹn ni màá dúró sí títí afẹ́fẹ́ á fi rọlẹ̀, kí n tó máa lọ."

Mo sọ ọ́ fún Bàbá. Ó rẹ́rìn-ín, ohun tí kì í ṣe. Ó ní, "Ọmọ yẹn ní làákàyè. Ṣùgbọ́n bí Òkété bá dúró, àlọ́ náà dúró nìyẹn." Kò yí i padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí òṣùpá kún, Òkété délé. Ó bá ihò rẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ó fi eérú bo ẹyin iná kó má baà kú, ó ń dúró dè é. Bàbá ní ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Gbogbo agbo pàtẹ́wọ́. Mo wo Ràbí. Kò pàtẹ́wọ́.

Bàbá wọkọ̀ lọ sí Èjìnrìn kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi gbé ìkòkò mi lọ sí etí omi. Ràbí kò sí níbẹ̀, ọkọ̀ kékeré tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń ṣẹ́ igi kò sì sí níbẹ̀. Okùn rẹ̀ nìkan ló wà lórí èèkàn. Kí n tó mọ ohun tí màá ṣe, mo rí Ìyá Mọríámọ̀ tó ń bọ̀ láìborí, ó ń sáré bí àgbàlagbà ṣe ń sáré.

Ó ní, "Ẹ bá mi wo ọmọ mi. Kò sùn sórí ẹní rẹ̀." Ó rí okùn náà. Ó jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó wá gbójú sókè wò mí, ó ní, "Àlọ́ yín ló gbé e lọ. Ó ti lọ wá ìyá rẹ̀."

Èrò ti ń pé jọ. Apẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní Bùràímọ̀, kò sí ibi tí kò mọ̀ lórí ọ̀sà yẹn. Ó ti ti ọkọ̀ rẹ̀ sómi, àwọn ọkùnrin ti wọ̀ ọ́ pẹ̀lú àjẹ̀ ìtukọ̀ wọn.

Ó ní, "Ọ̀sà tóbi. Apá ibo ni ká kọjú sí?"

Mo ní, "Ọ̀nà tí Òkété gbà."

Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá kì í hun àlọ́ lórí òfo. Abúlé orí ẹja yẹn, erékùṣù kan báyìí ni. Ọjà Ọ̀nì, ibi tí wọ́n ń dẹ ìgèrè ẹja sí ni. Ọmọ tó bá fi ọgbọ́n gbọ́ àlọ́ náà mọ ọ̀nà Èkó. Bùràímọ̀ ní, "Ó dáa, sọ ọ̀nà náà fún wa."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Àlọ́ tí wọ́n kọ́ mi kì í ṣeé bẹ̀rẹ̀ láàárín. Orin ló so ibì kan mọ́ òmíràn. Bí mo bá já a, á sá mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní láti pa á láti ìbẹ̀rẹ̀. Oòrùn sì ti yọ. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, ẹni tó bá ṣe é, wọ́n ní ìyá rẹ̀ ló máa kú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Bàbá kò tíì fún mi láṣẹ láti pa Òkété fún ẹnikẹ́ni.

Bùràímọ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ìyá rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà ní Ìkòròdú."

Mo rántí ìyá mi bó ṣe máa ń tún gèlè wé lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo Ìyá Mọríámọ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo wọnú ọkọ̀. Mo ní, "Àlọ́ o." Àwọn ọkùnrin wo ara wọn. Lẹ́yìn náà Bùràímọ̀ dáhùn pé, "Àlọ̀." Ó ri àjẹ̀ bọmi.

Mo pàlọ́ lójú oòrùn. Bí mo bá ti dárúkọ ibì kan, a ó yà síbẹ̀, a ó wò. Kò sí ọmọ. Bí mo bá gbé orin, àwọn ọkùnrin á gbè é pẹ̀lú àjẹ̀ wọn, "Ilé ni mò ń rè." A kọjá erékùṣù. A kọjá àwọn ìgèrè. Bí a ti ń lọ, afẹ́fẹ́ ń le sí i, omi sì ń wọnú ọkọ̀. A dé ibi tí ìjì ti bá Òkété. Igbó koríko wà lápá ọ̀tún, agbami ọ̀sà wà níwájú.

Bùràímọ̀ ní, "Àlọ́ ní wọ́n kọjá lọ. Iwájú ni."

Mo ní, "Àlọ́ ló wí bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kò gba ti àlọ́. Ó ní Òkété gọ̀. Ó ní inú koríko lòun máa dúró sí."

"Igbó yẹn tóbi. Bí a bá wọ̀ ọ́ tí kò sí níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé iwájú ló wà, ṣé o mọ ohun tó túmọ̀ sí?"

Mo mọ̀ ọ́n. "Mo rò pé" wá sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì. Mo fi ohùn Ràbí sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un bó ṣe sọ ọ́ gan-an, bí mo ṣe sọ ọ́ fún Bàbá. Bùràímọ̀ gbọ́ ọ tán. Ó yí orí ọkọ̀ sápá ọ̀tún.

Koríko náà ga jù wá lọ. A kò rí nǹkan kan. Mo gbé orin, "Òkété, omi pọ̀." Ẹyẹ ló fò. A wọ inú rẹ̀ síwájú, mo tún gbé e, ohùn mi ti há. Kò sí ìdáhùn. Àwọn ọkùnrin ti ń wo Bùràímọ̀ pé kó jẹ́ ká yí padà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gbè é mọ́, kí wọ́n dákẹ́. Mo dá a gbé. Ohùn tín-ín-rín kan sì dáhùn lápá òsì wa pé, "Ilé ni mò ń rè."

Ó dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀ tó há sáàárín koríko, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ lójú. Ó wo oòrùn, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ ń pàlọ́ lọ́sàn-án. Ṣé ẹ kò ní ìyá ni?"

Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n lù. Omi ló dànù, agbè kò fọ́.

Ọjọ́ náà ni Ìyá Mọríámọ̀ tó sọ òtítọ́ fún un. Ìgbà tí wọ́n ń sá kúrò l'Ékòó ni Mọríámọ̀ bọ́ sómi, kò sì jáde mọ́. Ràbí kò sunkún lójú wa. Ó wá bá èmi àti Bàbá, tó ti Èjìnrìn dé, ó kúnlẹ̀ dáadáa bí ọmọ gidi, ó ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí Òkété bá ìyá rẹ̀ nílé?" Ìgbà kan ṣoṣo tí ọmọdé dájọ́ lójú rẹ̀ nìyẹn. Bàbá kò pa àlọ́ yẹn dé ìdí mọ́ títí ó fi kú. Bí Òkété bá ti rí èéfín ilé lókèèrè, Bàbá á dákẹ́ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ lèmi náà sì ń ṣe.

Ní tèmi, mo ti ń retí pé yóò lé mi lọ. Ó pè mí, ó ní, "Wọ́n ní o pa Òkété."

Mo ní, "Mo pa á, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Lọ́sàn-án."

"Lọ́sàn-án ni, Bàbá."

Ó ní, "Ṣé o kò fo ibì kan?" Mo ní n kò fo ibì kan. Ó ní kí n lọ jẹun.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni mo wọ̀ wá sí Ìkòròdú. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tún gèlè wé, ó ní kí ló dé tí mo rù báyìí. Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ìgbà náà, ó sì bú mi dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí orí bá fọ́ ọ, èmi ni kì í sùn.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Fìtílà elépo la fi bẹ̀rẹ̀, tí ojú apàlọ́ máa ń mì nínú iná rẹ̀, tí àwọn ọmọ á fi rí ọ̀nì níbi tí ọ̀nì kò sí. Nígbà tó yá, fìtílà onígíláàsì dé láti Èkó. Ó mọ́lẹ̀ jù, àwọn ọmọ wá rí i pé obìnrin lásán ni mí. Lẹ́yìn tí ogun tó ká Ìkòròdú mọ́ ti kọjá, àwọn oníwàásù dé pẹ̀lú ìwé. Ọmọ kan sọ ní etí omi pé ìwé dáa ju tèmi lọ, torí pé ìwé kì í dákẹ́ kó tó dé ìdí. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Àwọn mìíràn fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa parí rẹ̀ fúnra wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú ilé tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, tàbí èyí tí wọ́n ń fi ìwé ṣe, ẹ máa lọ sí etí omi lọ́jọ́ kejì. Ẹ lọ wo àwọn ọkọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ṣì ń lọ láràárọ̀, mo ń fa okùn wọn wò bóyá ó le.

Ràbí dàgbà, ó lọ́kọ, ọkọ rẹ̀ ń fi ọkọ̀ ṣòwò. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin wá wọ̀ sílé mi. Ọmọ náà, tó ti gbọ́ àlọ́ náà dé ibi èéfín, kò jẹ́ kí n sinmi. "Ìyá àgbà, ṣé ó délé? Ṣé Òkété délé?" Mo ní mi ò mọ̀. Ràbí ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ pa á dé ìdí fún un, Ìyá mi. Mo ti dàgbà."

Lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, mo pa á dé ìdí. Ihò náà wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi eérú bo ẹyin iná, ó ń dúró dè é. Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa dúró dè é." Ràbí da ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sínú abọ́, ó wọlé lọ.

Ní àárọ̀, bí ojú ti ń là, mo gbé ìkòkò mi, mo sáré lọ sí èbúté pẹ̀lú orúnkún tó ń ro mí. Ẹnìkan ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ràbí jókòó lórí ọkọ̀ ọkọ rẹ̀, ó gbé gbogbo àjẹ̀ lé itan.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá mi. Ẹ pẹ́ lónìí." Ó sún, mo sì jókòó tì í.